Ẹ Fi Ìyá Olóúnjẹ Lọ́rùn Sílẹ̀

Ẹ̀rù Ajinomoto kì í ṣe tuntun ní Alímọ̀ṣọ́. Láti Ìkòtún dé Ìgándò, oníbàárà á kọ́kọ́ bi ìyá olóúnjẹ pé, "Ẹ ò fi Ajinomoto sí i, àbí?" Tẹ́lẹ̀, wọ́n ní aṣọ ni wọ́n fi ń fọ̀. Ní báyìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ló ń fi sáyẹ́ǹsì gbè é lẹ́yìn: sẹ́ẹ̀lì tó ń gbógun ti àrùn ní receptor glutamate, nítorí náà Ajinomoto ń sọ ara di aláìlágbára.

Òótọ́ ni apá àkọ́kọ́. Receptor, ìyẹn bí ihò kọ́kọ́rọ́ tí glutamate ń wọ̀ lára sẹ́ẹ̀lì, kò mọ sínú ọpọlọ nìkan. Ní 2004, Rodolfo Pacheco àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì T ènìyàn ní mGlu5 nígbà gbogbo, mGlu1 sì máa ń yọjú nígbà tí sẹ́ẹ̀lì náà bá ti gbára dì fún ìjà. Ti àkọ́kọ́ ń dá a dúró díẹ̀, ìkejì ń tú u sílẹ̀. Ní 2006 wọ́n tún rí i pé dendritic cell, tó ń gbé ìròyìn àrùn wá fún sẹ́ẹ̀lì T, ló ń tú glutamate jáde fúnra rẹ̀. Ara ló ń ṣe é, ara ló ń lò ó. Kò dúró de ìkòkò ọbẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ti inú ọbẹ̀ ńkọ́? Ìfun ló ń jó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kó tó dé inú ẹ̀jẹ̀. Glutamate inú irú àti tòmátò kò sì yàtọ̀ sí ti Ajinomoto. Ta ló ti kìlọ̀ irú fún wa rí?

Èyí tó tiẹ̀ ń bí wa nínú jù ni ẹni tó da Ajinomoto nù ní Ẹ̀gbẹ́dá, tó wá ju kúùbù mẹ́ta sínú ọbẹ̀ kan náà. Ẹ ka ara páálí rẹ̀: nínú ọ̀pọ̀ wọn, iyọ̀ ló ṣíwájú, glutamate náà sì wà níbẹ̀. Sodium inú Ajinomoto jẹ́ nǹkan bí 12 nínú 100. Ti iyọ̀ jẹ́ 39. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bẹ lágbo ilé, a sì ń sá fún ohun mìíràn!

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ta omi inú ìgò tí ẹ ní ó ń fọ glutamate kúrò lára, ẹ dá wa lóhùn: bí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán lóòótọ́, kí ni dendritic cell yóò fi bá sẹ́ẹ̀lì T sọ̀rọ̀?