Kí Wọ́n Tó Gbé Ilé-Ọmọ Padà, Ẹ Sọ Ọ̀rọ̀ Ìtọ̀

Ẹ̀yin ìyá wa ní Bassila àti Manigri, a mọ iṣẹ́ yín. Ẹ ń ru iṣu, ẹ ń ru igi ìdáná, ẹ ń bẹ̀rẹ̀ ṣa kajú. Ọmọ bíbí àti ẹrù wíwúwo lè mú kí ilé-ọmọ sọ̀ kalẹ̀, kí ó yọ síta. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe àgbèrè. Iṣẹ́ abẹ lè gbé e padà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀. Ilé-ọmọ obìnrin lè yọ, kí ìtọ̀ rẹ̀ má sì jò rárá. Wọ́n gbé e padà tán, obìnrin náà wúkọ́, ìtọ̀ jáde. Ó rẹ́rìn-ín, aṣọ rẹ̀ tutù. Yóò rò pé dókítà ló ba òun jẹ́. Ẹ wo rọ́bà gígùn tí a fi ń bomi rin ẹ̀fọ́: bí ó bá ká, omi kì í kọjá dáadáa, ẹ nà án, omi a tú jáde. Ohun tó yọ ti ká ọ̀nà ìtọ̀, a kò sì mọ̀ pé ọ̀nà náà ti dẹ̀.

Àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà wádìí èyí lára obìnrin 322, wọ́n sì kọ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2006. Ìtọ̀ wọn kì í jò tẹ́lẹ̀ bí wọ́n bá wúkọ́. Wọ́n la ikùn gbogbo wọn láti gbé ohun tó yọ sókè. Fún àwọn kan, wọ́n tún fi òwú fa ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ìtọ̀ sókè lọ́jọ́ kan náà. Lẹ́yìn oṣù 3, nínú 100 àwọn tó gba ẹyọ kan, bíi 44 ni ìtọ̀ ń jò. Nínú 100 àwọn tó gba méjèèjì, bíi 24 ni.

N kò sọ pé kí gbogbo yín gba méjèèjì. Nínú ìwádìí mìíràn ní ọdún 2012, níbi tí wọ́n ti fi okùn pẹlẹbẹ gbé ọ̀nà ìtọ̀ ró, jíjò náà dín kù, ṣùgbọ́n nínú 100 obìnrin, àpò ìtọ̀ bíi 7 ni irinṣẹ́ gún.

Ohun tí mo fẹ́ ni kí a béèrè ṣáájú. Ẹni tó ti ná owó kajú ọdún kan lórí ìrìn àjò àkọ́kọ́, níbo ni yóò ti rí ti èkejì? Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má pè é ní ọ̀rọ̀ obìnrin. Ẹ tẹ̀ lé wọn lọ.

Kí ìyá sọ fún dókítà pé: «Ẹ jọ̀wọ́, nígbà tí ìtọ̀ bá kún inú mi, ẹ ti nǹkan yìí padà, kí n wúkọ́, kí a wò ó bóyá yóò jò.» Bí ó bá jò, kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ méjèèjì. Bí dókítà bá ní ẹyọ kan ló tó, kí ó sọ ìdí rẹ̀.