Oògùn Tí Kò Ní Èèwọ̀ Ló Ń Ba Fíìmù Wa Jẹ́

Ó ti pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé kan ti ń ké pé oògùn pọ̀ jù nínú fíìmù Yorùbá. Wọ́n ní ó ń dójú tì wá, pé ayé ti lajú kọjá ọ̀rọ̀ ìwo àti àdó, pé ká máa ṣe fíìmù nípa báǹkì àti ilé ẹjọ́ bí àwọn ẹlòmíràn ti ń ṣe. Èmi kò kẹ́kọ̀ọ́ nípa fíìmù. Òǹwòran lásán ni mí, ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń jókòó ti tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ bí iná bá wà. Ṣùgbọ́n òǹwòran ni wọ́n ń ṣe fíìmù fún, ó sì yẹ kí òǹwòran sọ ohun tó rí. Àwọn fíìmù tó wọ̀ mí lára jù lọ láti ìgbà èwe mi, oògùn wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn tó já mi kulẹ̀ jù lọ náà, oògùn wà nínú wọn. Ẹ̀bi kò lè jẹ́ ti oògùn nígbà náà. Ọwọ́ ẹni tó kọ ìtàn ni ẹ̀bi wà, ẹni tó fi oògùn sí i, tó gbàgbé èèwọ̀ rẹ̀.

Kò sí ọmọ Yorùbá tó dàgbà nílé tí kò mọ̀ pé oògùn gidi ní ohun tí kò gbọdọ̀ bá pàdé. Ẹni tó so ońdè mọ́ra kò ní gba abẹ́ okùn tí wọ́n sá aṣọ sí kọjá. Ẹni tó sín gbẹ́rẹ́ òkígbẹ́ lè máa sá fún ọmọrogùn ju bó ṣe ń sá fún àdá lọ. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ jẹ irú ẹran kan, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ sún mọ́ obìnrin lọ́jọ́ tó bá fẹ́ lò ó. Ẹni tó bá sì ti mọ èèwọ̀ rẹ ti mọ ọ̀nà tó lè gbà mú ọ. Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí alágbára bá ní ohun kan tó ń bẹ̀rù, òǹwòran á máa ṣọ́ ohun yẹn, ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀ títí tí yóò fi dé. Alágbára tí kò bẹ̀rù nǹkan kan, kí la fẹ́ máa wò lára rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká mú Ṣaworoidẹ, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání sì darí. Ní 1999 ló jáde, ọdún tí àwọn sójà gbé ìjọba sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà ni wọ́n ti jẹ́ ká mọ òfin tí gbogbo rẹ̀ dúró lé. Ní ìlú Jogbo, ìlù kan wà tó ń jẹ́ ṣaworoidẹ, adé idẹ kan wà, májẹ̀mú sì so méjèèjì pọ̀ mọ́ ọba àti onílù. Ẹni tó bá fẹ́ jọba gbọ́dọ̀ gba gbẹ́rẹ́. Bí ẹni tí kò gbà á bá gbé adé yẹn lérí, tí ṣaworoidẹ dún sí i létí, orí fífọ́ ni yóò pa á. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gbọ́ ọ, ó yé e.

Ohun tó kàn ni pé Lápìtẹ́ kọ gbẹ́rẹ́. Kòṣemánìí ni ìdí tó fi kọ̀ ọ́ jẹ́ fún ìtàn náà: ọba tó bá gba gbẹ́rẹ́ kò lè kó ọrọ̀ ìlú jẹ, Lápìtẹ́ sì fẹ́ lówó. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni a fi ń gbọ́ ìlù tí kò tíì dún. Àwọn agégẹdú ń kó igi lọ, àwọn ìjòyè ń pín owó, àwọn ọ̀dọ́ ń bínú, onílù ti gbé ìlù sá kúrò nílùú, àwa sì jókòó, à ń retí. Kọ́lá Oyèwọ̀ tó ṣe Lápìtẹ́ kò pariwo jù. Ẹ tún un wò, kí ẹ ṣọ́ ojú rẹ̀ nígbà tí adé bá wà lórí rẹ̀. Ojú ẹni tó jẹ gbèsè ni.

Lẹ́yìn náà ni Lágata dé, sójà tó fi ìbọn gba ìlú. Ó gbé adé lérí bí ẹni gbé fìlà, kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá nǹkan kan wà tó yẹ kí òun mọ̀. Ìlù dún. Ìbọn kò lè ṣe nǹkan kan fún un. Kò sí ẹni tó jókòó sí iwájú fíìmù yẹn ní 1999 tí wọ́n ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún. Oògùn ló pa á lójú wa, ṣùgbọ́n àìbèèrè rẹ̀ ló pa á nínú ìtàn, àwọn méjèèjì sì jẹ́ ohun kan náà. Ohun tí mo pè ní fíìmù tó dára nìyẹn.

Ẹ wá fi wé ohun tí à ń rí lórí YouTube ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo. Bàbá kan jókòó nínú ahéré, aṣọ pupa lára, ẹfun yí ojú kan ká, osùn yí ìkejì ká. Ọ̀tá rẹ̀ wọlé. Wọ́n na ọwọ́ síra wọn. Iná pupa jáde ní àtẹ́lẹwọ́ ọ̀kan, iná búlúù jáde ní ti ìkejì, iná méjèèjì pàdé láàárín, wọ́n ń ti ara wọn síwá sẹ́yìn. Ọ̀kan ṣubú. Kí ló dé tó fi jẹ́ òun ló ṣubú? Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa. Bí wọ́n bá ní kí búlúù borí dípò pupa, ìtàn náà kò ní yẹ̀ nípò kan, nítorí kò sí ohun tí a ti rí ṣáájú tó sọ ẹni tó yẹ kó borí. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, òǹkọ̀tàn á ti ti akọni rẹ̀ wọ ibi tí kò mọ bí yóò ṣe yọ ọ́. Ìyá arúgbó kan á kàn yọ láti inú igbó, á fún un ní nǹkan nínú ewé, ọ̀rọ̀ parí. Wákàtí méjì la ti lò, a kò sì gbúròó ìyá yìí rí.

Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn tilẹ̀ ń dùn mí ju iná lọ. Ọfọ̀ tó péye máa ń pe ẹlẹ́rìí kí ó tó bèèrè. Á kọ́kọ́ sọ ohun kan tí gbogbo ayé mọ̀ pé kì í yẹ̀, nípa ewé kan tàbí ẹranko kan, orúkọ ohun náà á sì gbé ohun tí apọfọ̀ ń fẹ́ dání. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá á ti mọ ohun tó ń bọ̀ kí wọ́n tó dé ibẹ̀, ara rẹ̀ á bù máṣọ. Nígbà tí Peter Fátómilọ́lá bá ṣe babaláwo nínú fíìmù, kì í yára, kì í lọ́ ojú. Á jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan balẹ̀ kí ó tó mú òmíràn. Àwọn ọ̀dọ́ òṣèré wa ń pariwo. Wọ́n á to orúkọ jọ, wọ́n á máa gbọ̀n, wọ́n á máa mí gúlegúle, ọ̀rọ̀ náà kò sì so mọ́ra wọn. N kò bá wọn wí. Ẹni tí wọ́n fún ní ìwé ọ̀rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ya fíìmù, kí ni kó ṣe? Ẹni tó kọ ọ́ ni kò bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ ni mò ń sọ. Ẹ wo Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní 2022 nígbà náà. Aláṣọ òfì ni Sàrò, àjèjì tó wá ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́, tó wá lọ fẹ́ràn Àrólákẹ́, olorì Aláàfin. Wọ́n lù ú pa. Agbára ẹyẹ Àkàlà ló jí i dìde, Àrólákẹ́ tó fẹ́ràn rẹ̀ ló sì mú kí àdó tí agbára náà wà nínú rẹ̀ di tiwọn. Sàrò bẹ̀rẹ̀ sí í jí òkú fún àwọn ará ìlú, wọ́n ń wólẹ̀ fún un, ó fẹ́ ìyàwó mìíràn, ó wá ń fojú dí ẹni tó gbà á là. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ní kó jí ọmọ ọba, Àrólákẹ́ ti gba agbára kúrò nínú àdó, ó ti bá tirẹ̀ lọ. Sàrò dúró lórí òkú, ó ń pè, òkú kò dáhùn.

Ìran yẹn wúni lórí gan-an. Kò sí iná pupa, kò sí búlúù. Ọkùnrin kan, òkú kan, àdó kan tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́. A sì mọ ìdí tí kò fi sí. Afọláyan ná owó púpọ̀ sórí aṣọ àti ààfin, ó kọ́ ibùdó ìyafíìmù sí Ìgbójàyè ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ojú wa sì gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìran tí mo ń rántí títí dòní kò nílò ju yàrá kan lọ.

Jagun Jagun ti 2023 wù mí láti wò. Ilé ẹ̀kọ́ ogun yẹn, eruku, ìlù, Fẹ́mi Adébáyọ̀ gẹ́gẹ́ bí Ògúndìjì, n kò lè sọ pé mi ò gbádùn wọn. Gbótìjà tó ní àṣẹ lórí igi, èrò tó lẹ́wà ni. Ṣùgbọ́n fíìmù náà kò dúró tó bó ṣe yẹ lórí ohun tí agbára yẹn ń gbà lọ́wọ́ ọmọ náà, ìjà sì pọ̀ débi pé ọkàn mi rẹ̀ kí ojú mi tó rẹ̀. Bí igi bá ń gbọ́ràn sí ènìyàn lẹ́nu, igi náà yẹ kí ó ní ohun tó kọ̀.

Ìtàn wa fúnra rẹ̀ mọ èyí ju àwọn tó ń sọ ọ́ di fíìmù lọ. Baṣọ̀run Gáà, tó ń pa Aláàfin kan tẹ̀lé òmíràn, gbajúmọ̀ fún oògùn débi pé wọ́n ní ó lè di ẹkùn. Nígbà tí Aláàfin Abíọ́dún yóò sì ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774, ọmọ ogun Ọ̀yábì, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò láti Àjàṣẹ́, ló wọlé tọ̀ ọ́. Gáà ti darúgbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Oògùn wà, kò dá nǹkan kan dúró, nítorí ìwà ìkà ti kó gbogbo ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́ dànù.

Wọ́n lè sọ fún mi pé fíìmù ni, eré ni, kí n má fi ọgbọ́n pa ara mi. Ẹ bi ọmọ ọdún mẹ́fà tó ti gbọ́ àlọ́ Ìjàpá àti ọbẹ̀ aboyún tí babaláwo sè fún Yánníbo. Ọmọ náà mọ̀ pé babaláwo ní Ìjàpá kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Ìdí nìyẹn tó fi ń rẹ́rìn-ín kí ikùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bí ẹ bá yọ ìkìlọ̀ babaláwo kúrò, àìsàn lásán ló kù, àlọ́ ti tán. Àwọn ìyá wa tí kò kàwé mọ bí wọ́n ṣe ń fi èèwọ̀ gbé ìtàn ró. Kí ló dé tí ẹni tó ní kámẹ́rà olówó ńlá kò fi mọ̀ ọ́n?

Ní 2024, Ìgbìmọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò ní Nàìjíríà kéde òfin lòdì sí fíìmù tó ń gbé oògùn owó àti ìpànìyàn fún ètùtù lárugẹ. Mo mọ ohun tó ń dùn wọ́n. Ọmọkùnrin tó bá wo fíìmù tí wọ́n ti ń ṣe oògùn owó tí owó sì ń jáde láti inú igbá, tí kò rí ohun tó ná ẹni tó ṣe é títí ẹni náà fi kú sínú ọrọ̀, ó ti gba ẹ̀kọ́ burúkú. Ìfòfindè nìkan kò lè wo èyí sàn. Wo bí Thunderbolt, fíìmù Kèlání mìíràn, ṣe lo mágùn ní 2001. Adébáyọ̀ Fálétí ló kọ ìtàn náà. Ọkọ fura sí aya, wọ́n sì fi mágùn sí i lára, ọjọ́ ayé obìnrin náà ti di ohun tí à ń kà. Ó nílò ọkùnrin tó mọ̀ pé òun lè kú, tí yóò sì gbà láti sùn tì í. Gbogbo ìlànà mágùn ni wọ́n tẹ̀ lé, ìlànà náà ló sì tú àṣírí ọkọ tí kò gbẹ́kẹ̀ lé aya rẹ̀. Ẹni tó wo fíìmù yẹn kò ní dìde láti lọ ra mágùn.

Fálétí kú ní 2017, Ìṣọ̀lá kú ní 2018. Kèlání kì í sábà dá kọ ìtàn. Ó máa ń lọ bá irú wọn láti kọ ọ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kò tíì tán. Wọ́n wà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀ àti ní Èkó, wọ́n wà lábúlé pẹ̀lú àwọn oníṣègùn tó mọ orúkọ ewé àti ohun tí ewé kọ̀. Ìdá kékeré nínú owó tí wọ́n fi ń ran aṣọ ogun tó láti san fún ọ̀kan nínú wọn fún oṣù mẹ́ta, kí ó jókòó ti òǹkọ̀tàn, kí ó bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lórí oògùn kọ̀ọ̀kan tó bá fẹ́ fi sí ìtàn: ta ló ṣe é, kí ló gbà, kí ni kò gbọdọ̀ rí. Bí òǹkọ̀tàn kò bá lè dáhùn, kí wọ́n yọ oògùn náà kúrò, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn méjèèjì fi ẹnu jà.