Sáfà Tínrín Tàbí Sáfà Nínípọn: Èwo Ni Kí Ẹgbẹ́ Rà?

Ìwé tí a ó dáhùn lọ́sẹ̀ yìí wá láti ọ̀dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, tí àwọn olùkọ́ àti àwọn oníṣòwò jọ ń dá owó sí. Ó bẹ̀ wá pé kí a má dárúkọ ìlú wọn, a sì gbọ́ sí i lẹ́nu. Ohun tó kọ ni pé ọmọ ẹgbẹ́ ti tó 20,000, ìwé àkọsílẹ̀ ti kún inú àpótí débi pé eku ti ń bá wọn kà á, ìgbìmọ̀ sì ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ra sáfà méjì, kí wọ́n háyà àyè fún wọn ní dátà sẹ́ńtà kan ní Èkó. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di wàhálà ni irú èyí tí wọn yóò rà. Ìdajì ìgbìmọ̀ ní Dell PowerEdge R660 ni. Ìdajì kejì ní àfi R760. Akọ̀wé ní bí àwọn bá tún jókòó lẹ́ẹ̀kan sí i tí ẹnu kò kò, ẹnì kan yóò fi ìbínú dìde kúrò nínú ìgbìmọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni owó náà kì í ṣe ti ìgbìmọ̀ o. Owó àwọn tó ń sá lóòrùn lójoojúmọ́ ni.

Kí gbogbo wa lè jọ rìn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí sáfà jẹ́. Kọ̀ǹpútà náà ni, ṣùgbọ́n kì í ní ojú tí à ń wò tàbí bọ́tìnnì tí à ń tẹ̀. Yóò wà níbi kan láìsùn, yóò máa dá àwọn kọ̀ǹpútà àti fóònù tó wà lọ́nà jíjìn lóhùn. Inú férémù onírin tí wọ́n ń pè ní ràákì ni wọ́n ń tì í sí, bí ẹni ti pákó bọ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ìbú ràákì tó wọ́pọ̀ jẹ́ 19 ínǹṣì. Gíga rẹ̀ ni wọ́n pín sí ipele-ipele, ipele kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínǹṣì kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ràákì tó wọ́pọ̀ ní ipele 42. R660 gba ipele kan ṣoṣo. Òun ni a ó máa pè ní tínrín. R760 gba ipele méjì. Òun ni nínípọn.

Ẹ̀yin ará ìgbìmọ̀, ohun tó yà wá lẹ́nu jù nínú ìwé yín ni pé ẹ ń jà lórí èwo ló lágbára jù. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n! Ọdún 2023 ni àwọn méjèèjì jáde. Ọpọlọ Intel Xeon kan tàbí méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà, ọpọlọ tí a lè fi sí èyí nípọn ni a lè fi sí èyí tínrín. Ihò mẹ́mórì 32 ló wà nínú R660, 32 náà ló wà nínú R760. Ẹni tó bá sọ fún yín pé èyí tó nípọn yóò ṣírò èlé owó yín kíá ju èyí tó tínrín lọ, ẹ bi í pé ibo ló ti rí i.

Àyè inú wọn ni wọ́n fi yàtọ̀. Iwájú R660 gba dísìkì kékeré mẹ́wàá, èyí tó jẹ́ ínǹṣì méjì àtààbọ̀. R760 lè gba irú rẹ̀ mẹ́rìnlélógún, tàbí kí ó gba dísìkì ńlá méjìlá, èyí tó jẹ́ ínǹṣì mẹ́ta àtààbọ̀. Dísìkì ńlá yìí ni àwọn tó ń kó fídíò jọ fẹ́ràn, nítorí ó ń gba ẹrù púpọ̀ lówó pọ́ọ́kú. R760 tún lè gba káàdì ńlá méjì, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀rọ ní ọgbọ́n àtọwọ́dá; R660 kò ní àyè fún un.

Fáànù náà tún ń bẹ. Ilé tí òrùlé rẹ̀ kò ga kò lè gba fáànù ńlá. Nítorí náà fáànù kéékèèké ló wà nínú sáfà tínrín, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sáré gidigidi kí afẹ́fẹ́ tó tó. Ẹ gbọ́ ohun tí èyí túmọ̀ sí: bí fáànù kan bá fi ìlọ́po méjì kún eré rẹ̀, iná tó ń jẹ yóò di ìlọ́po mẹ́jọ. Ariwo rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Ní dátà sẹ́ńtà, ta ló kàn? Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e sí yàrá tí akọ̀wé àti akápò ń jókòó sí, láàárín ọ̀sẹ̀ kan wọn yóò ti máa pariwo bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí aláta ọjà. ASHRAE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù ní Amẹ́ríkà, dámọ̀ràn pé kí afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú sáfà wà láàárín 18 sí 27 lórí ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì. Ní ọ́fíìsì wa tí iná ń lọ tó ń bọ̀, tí amúlétutù sì ń bá a lọ, kò rọrùn. Ká ní ọ́fíìsì yín ni ẹ fẹ́ gbé e sí ni, R760 ni à bá sọ láìronú lẹ́ẹ̀mejì.

Nísinsìnyí, ìbéèrè tí ìgbìmọ̀ yín kò tíì bi ara wọn: kí ni yóò kọ́kọ́ tán lọ́wọ́ yín? Ṣé àyè ni, ṣé iná ni, àbí ihò dísìkì? Àwọn tó ń ta tínrín máa ń sọ pé 42 ni yóò wọ inú ràákì kan, nígbà tí nínípọn kò lè ju 21 lọ. Òótọ́ ni lórí ìwé. Ṣùgbọ́n onílé tó ń háyà ràákì kì í fúnni ní iná àfidànù. Ká ní kílówáàtì márùn-ún ló fún ràákì kan, tí sáfà kọ̀ọ̀kan sì ń jẹ 500 wáàtì nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ gidi. Mẹ́wàá péré ni iná yóò gbé, ìbáà jẹ́ tínrín, ìbáà jẹ́ nínípọn. Tínrín mẹ́wàá yóò gba ipele mẹ́wàá, ipele 32 yóò ṣófo, ẹni tó háyà gbogbo ràákì yóò sì ti sanwó gbogbo rẹ̀. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, tínrín kò jèrè nǹkan kan. Kí ó ra nínípọn, kí ó rí ihò dísìkì gbà.

Owó iná náà kì í ṣe ohun à ń fojú fò. Sáfà tó ń jẹ 400 wáàtì tọ̀sán-tòru yóò jẹ 3,504 yúnìtì lọ́dún kan. Ní iye tí wọ́n kéde fún àwọn oníbàárà Band A ní April 2024, ìyẹn 225 náírà fún yúnìtì kan, ó di 788,400 náírà, a kò sì tíì ka amúlétutù mọ́ ọn tàbí epo jẹnẹrétọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣírò tiyín. Ẹgbẹ́ 20,000 ni yín. Ká ní ìwé 30 ni ẹ fẹ́ ya àwòrán rẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí àwòrán kọ̀ọ̀kan jẹ́ mẹ́gábáìtì kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 600 gígábáìtì. Ìyẹn kò kún dísìkì kan ṣoṣo nínú èyí tí wọ́n ń tà nísinsìnyí! Kí ẹ wá fi ihò mẹ́rìnlélógún ṣe kí ni? Akọ̀wé sì sọ pé ipele-ipele ni onílé tí ẹ bá sọ̀rọ̀ ń gba owó, kì í ṣe odindi ràákì. Tínrín méjì yóò gba ipele méjì, nínípọn méjì yóò gba mẹ́rin. Oṣù ọgọ́ta ló wà nínú ọdún márùn-ún. Ẹ fi ọgọ́ta sọ owó ipele méjì tó lé yẹn di púpọ̀, kí ẹ fi iye náà han àwọn tó ń jà fún R760.

Nítorí náà, R660 ni kí ẹ rà. Ìdí ni pé àyè ni wọ́n ń bù fún yín lówó, dísìkì kò sì ní í tán lọ́wọ́ yín. Ẹ má sì jẹ́ kí ontàjà ki ọpọlọ méjì bọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan; ọ̀kan tó. Ìdajì ihò mẹ́mórì ni yóò ṣiṣẹ́ nígbà tí ọpọlọ bá jẹ́ ẹyọ kan, ṣùgbọ́n ihò mẹ́rìndínlógún yẹn ju ohun tí ẹ nílò lọ. Ohun tí wọn kì í sọ fún oníbàárà ni pé Windows Server ń gba owó láíséǹsì ní iye kóòrù, ìyẹn àwọn ọpọlọ kéékèèké tó wà nínú ọpọlọ kan, wọn kì í sì í ka sáfà kan sí ohun tó dín ní kóòrù 16. Ẹ ra èyí tó ní 16 gẹ́lẹ́. Ẹ ra páwà méjì sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí onílé so wọ́n mọ́ wáyà iná ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Owó tó bá ṣẹ́ kù, ọ̀nà rẹ̀ wà. Nínú ìwé ojú ewé mẹ́rin tí akọ̀wé kọ, a kò rí ibì kankan tí wọ́n ti sọ pé ẹ̀dà àkọsílẹ̀ yóò wà níbòmíràn. Lóòótọ́, a lè mú kí dísìkì méjì máa kọ ohun kan náà, kí ọ̀kan lè dúró bí èkejì bá kú. Ṣùgbọ́n ohun tí akọ̀wé bá fi àṣìṣe pa rẹ́ nínú ọ̀kan, lójú ẹsẹ̀ ló parẹ́ nínú èkejì. Bí olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá sì ti gbogbo rẹ̀ pa, sáfà méjì tó dúró lórí ara wọn ní Èkó kò lè gba ara wọn sílẹ̀. Ẹ ra dísìkì ìta mẹ́ta, kí ẹ máa da àkọsílẹ̀ kọ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, kí ẹ yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀rọ, kí akápò tì í mọ́ inú séèfù ní ìlú yín. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, kí ẹ dá ọ̀kan padà sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ fi káàdì ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́wàá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iye owó wọn pé.

Ìyáàfin tó bèèrè nípa bátìrì sólà fún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìwé yín ti dé ọwọ́ wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iye wáàtì fíríìjì náà ránṣẹ́ kí a tó dáhùn.