Ọmọ Ọ̀dọ̀, Ọmọ Ẹnì Kan Ni

Àwọn àgbà ní ẹrú kú, ìyá kò gbọ́; ọmọ kú, igbe ta; bẹ́ẹ̀ ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wá sí wa lọ́kàn nígbà tí a wo Roma, fíìmù tí Alfonso Cuarón, ọmọ Mexico, gbé jáde ní ọdún 2018.

Àwọ̀ dúdú àti funfun nìkan ni ó fi ṣe é, èdè Spanish àti èdè Mixtec ni wọ́n sì ń sọ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ó gba ẹ̀bùn Oscar mẹ́ta ní ọdún 2019. Cleo, ọmọ ọ̀dọ̀ ní ilé dókítà kan ní àdúgbò Roma ní Mexico City, láàárín 1970 sí 1971, ni ìtàn náà dá lé. Cuarón fi fíìmù náà bu ọlá fún Libo, obìnrin tí ó tọ́ òun fúnra rẹ̀ dàgbà.

Àwọn kan nínú wa ní ó falẹ̀ jù: ẹnì kan ń fọ ilẹ̀, ó ń fọ aṣọ, kí ni ìyẹn? Àwa kò gbà. Bí iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹ rántí ìgbà tí gbogbo ilé jókòó ti tẹlifíṣọ̀n. Cleo náà jókòó tì wọ́n, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ sì gbé ọwọ́ lé e léjìká. Kò pẹ́ tí ìyá ilé fi ní kí ó lọ po tíì wá fún dókítà. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìfẹ́ náà kò ní kí ó jókòó. Nígbà tí ó yá, ó wọ inú òkun lọ yọ àwọn ọmọ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ omi wẹ̀. Wọ́n dì mọ́ ọn, wọ́n sunkún. Nígbà tí wọ́n délé, aṣọ ìdọ̀tí ni ó tún gbé lọ sókè láti fọ̀.

Nínú ilé ìdáná, Mixtec ni Cleo àti ẹnì kejì rẹ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọmọ ilé kan ní kí wọ́n yé sọ̀rọ̀ báyẹn. Àwa tí a ń sọ Yorùbá ní họ́sítẹ̀lì láàárín àwọn elédè mìíràn mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń dunni. Ṣùgbọ́n ilé tiwa ńkọ́? Ọmọ Ègùn tàbí ọmọ Calabar tí ó wẹ̀ fún wa, tí ó mú wa lọ sílé ìwé, ta ni ó mọ̀ ọ́n kí ní èdè rẹ̀? Ta ni ó mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́? Òmíràn kò jù wá lọ rárá. Nígbà tí a ń kọ ìdánwò JAMB, abọ́ ni ó ń fọ̀.

Ní ọdún 2019, àwọn aṣòfin Mexico tún òfin iṣẹ́ ṣe nítorí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹ má jẹ́ kí a dúró de òfin. Bí a bá délé ní ìsinmi yìí, kí a bèèrè orúkọ rẹ̀ àti ìlú rẹ̀. Kí a fi ọ̀wọ̀ bá àwọn òbí wa sọ̀rọ̀ nípa owó oṣù rẹ̀ àti ilé ìwé tí kò lọ. Kí a sì fọ abọ́ tí a fi jẹun. Ọmọ ẹnì kan ni.