Owó Ajá Ò Tán Lọ́jọ́ Tí Ẹ Rà Á

Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Peckham, ní London, pè mí lálẹ́ Sátidé. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá wa dá sí i." Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ti fi ẹkún gba ìyọ̀ǹda lẹ́nu bàbá wọn, wọ́n fẹ́ ajá. Ó ku kí wọ́n mọ èyí tí wọ́n máa rà, nínú Jack Russell àti Yorkshire Terrier. Méjèèjì ò tóbi, méjèèjì ò sì mọ ìjókòó. Iye tí wọ́n ń pè wọ́n ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra, lọkọ rẹ̀ bá ní èyí tó wù kí wọ́n mú, owó kan náà ni.

Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ sin ajá ló yẹ ká kọ́kọ́ béèrè. John Russell, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà kan ní Devon, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe Jack Russell. Ìtàn sọ pé ní 1819, nígbà tó ṣì ń kàwé ní Oxford, ó rí abo ajá kan lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń kiri wàrà, ó sì rà á lójú ẹsẹ̀. Trump lorúkọ ajá náà. Ọdẹ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni àlùfáà yìí fẹ́ràn (ìgbà wo ló ń ráyè wàásù?), ajá tó lè bá ẹṣin sáré, tó sì lè lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jáde nínú ihò ló ń wá. Ti Yorkshire yàtọ̀. Àwọn ahunṣọ àti òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aṣọ ní àríwá England ló ń sìn ín, kó lè máa pa eku láàárín ẹ̀rọ. Ajá mẹ̀kúnnù ni, kí àwọn olówó tó gbà á, tí wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn lórí.

Iṣẹ́ yẹn ò tíì kúrò lára wọn. Nígbà tí mo lọ kí àbúrò mi lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, aládùúgbò rẹ̀ ní Jack Russell kan tí wọ́n máa ń dá fi sílẹ̀ nílé láti aago méje àárọ̀. Lọ́jọ́ kan a gbọ́ igbe obìnrin náà. Ajá ti gbẹ́ àga títí ó fi kan igi, fóòmù kún pálọ̀ bí èèpo ẹ̀gúsí tí wọ́n fẹ́ dànù. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló ń wá.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Bí Jack Russell bá ń rìn fún wákàtí kan lójúmọ́, òjò ì báà rọ̀, yìnyín ì báà bọ́, tó sì gbé ọdún 14, wákàtí 5,110 nìyẹn. Ìdajì wákàtí tó Yorkshire: 2,555. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, pọ́n-ùn 12.21 ni owó iṣẹ́ wákàtí kan tó kéré jù tí òfin Britain fọwọ́ sí fún ẹni ọdún 21 sókè. Ẹ fi sọ ìyàtọ̀ yẹn dowó, ó lé ní pọ́n-ùn 31,000. Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó máa sanwó fún èèyàn torí pé ó mú ajá rẹ̀ rìn. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì òru ni àbúrò mi, bọ́ọ̀sì lọkọ rẹ̀ ń wà. Wákàtí ni wọ́n ń tà jẹun.

Yorkshire náà ní wàhálà tiẹ̀. Bí irun orí èèyàn ni irun rẹ̀ ń hù, bí wọn ò bá yà á lójoojúmọ́, á lọ́ pọ̀. Tí wọ́n bá ń gbé e lọ sọ́dọ̀ agérun ajá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà, bí ìgbà mẹ́jọ lọ́dún, ìgbà 112 nìyẹn kó tó pé ọdún 14. Eyín rẹ̀ tún máa ń tètè bàjẹ́, owó dókítà ẹranko ní Britain sì ti ga débi pé CMA, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ọjà, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá lórí ẹ̀ ní 2024. Oúnjẹ ajá pàápàá ń san VAT ìdá 20 nínú 100. Búrẹ́dì èèyàn ò san kọ́bọ̀.

Síbẹ̀, Yorkshire ni mo ní kí wọ́n mú. Ẹ lè fi sísọ́ọ̀sì gé irun rẹ̀ kúrú nílé. Ìrìn Jack Russell ò ṣeé gé. Ẹni tó bá ní bàbá tó ti fẹ̀yìntì nílé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì le, kó má dá mi lóhùn, kó ra Jack Russell rẹ̀.

Ohun tí mo tẹnu mọ́ fún àbúrò mi ni pé kó má sanwó fún ọmọ ajá tí kò bá rí ìyá rẹ̀ nílé tí wọ́n bí i sí. Láti oṣù kẹrin ọdún 2020 ni òfin England ti ka á léèwọ̀ fún alágbàtà láti ta ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà.