Òdòdó Orí Igi Kì í Ṣe Àfòmọ́

Ẹ̀yin ará, inú ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Lọ́jọ́ kan, agbégilódò já gẹdú sílẹ̀ nílé ìlagi kan ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Mo rí ewéko kan tó rọ̀ mọ́ èèpo igi ńlá, gbòǹgbò rẹ̀ funfun, òdòdó rẹ̀ ò tíì rọ. Ọmọkùnrin kan ti yọ àdá sí i.

"Kí lẹ̀ ń pe èyí?"

"Àfòmọ́ ni jàre, bọ̀ọ̀dá."

Irọ́ ni! Àgbà ní àfòmọ́ kò légbò, gbogbo igi ní í bá tan. Ṣùgbọ́n àfòmọ́ ń fa oje igi mu. Èyí tí mo ń wí, tí òyìnbó ń pè ní ọ́kíìdì, kò jẹ igi ní gbèsè kankan. Omi òjò àti ìrì ló ń mu. Ìmọ́lẹ̀ ló wá gun òkè. Ìbátan rẹ̀ ni fànílà tí ẹ ń lá nínú áísìkiriìmù. Lọ́dún 1841, òyìnbó kan, John Ansell, rí irú rẹ̀ kan lára ọ̀pẹ ní Fernando Po, erékùṣù olókè nì. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́: Ansellia. Ó wà ní Nàìjíríà náà, àmọ́ ta ló ń wò ó?

Láti 1975 ni àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES ti ní kí ẹnikẹ́ni má kó ọ́kíìdì inú igbó kọjá ẹnubodè láìgbàṣẹ. Ó dára. Ẹnubodè lòfin yẹn ń ṣọ́, kò ṣọ́ ayùn.

Wọ́n á ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, a ó gbin òmíràn." Gbin kí ni? Mèlínà! Igbó Ọmọ ni mo ń bá wí, tí ìjọba yà sọ́tọ̀ lọ́dún 1925. Èso ọ́kíìdì rí bí eruku, kò ní oúnjẹ nínú. Irú olu tín-ín-rín kan ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ́ ọ kó tó hù. Èèpo igi àgbà tó rí gbágungbàgun, tó ń gba omi dúró, ló máa ń fara tì. Mèlínà ò tíì gbó tí wọ́n ti ń gé e.

Nínú igbó tó lé ní 130,000 hẹ́kítà, 460 péré ni wọ́n kà léèwọ̀ fún ayùn lọ́dún 1946. UNESCO buyì fún igbó náà lọ́dún 1977. Síbẹ̀, àwọn onígẹdú tí kò gbàṣẹ ò yéé wọ̀ ọ́. Ẹ má sọ fún mi pé ebi ni. Ṣé tálákà ló ni agbégilódò ni? Kí wọ́n tó gé igi àgbà kan, kí òṣìṣẹ́ igbó gòkè wo ohun tó wà lórí rẹ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n kúkú ń kọ owó orí igi sílẹ̀.

Mo gba ewéko yẹn lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà, mo fi okùn dè é mọ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé mi. Òdòdó tó fẹ́ rọ ti já dànù. Ó ti yọ gbòǹgbò tuntun kan.