Asipirín Kì Í Ṣe Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru

"Ẹ̀jẹ̀ tó bá ki ló máa ń ru. Ẹ máa lo asipirín kékeré lálaalẹ́, ẹ̀jẹ̀ yín á máa ṣàn dáadáa." Ìmọ̀ràn yìí kún ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì àti ìpàdé ẹbí. Mo ní irọ́ ni, ó sì lè pa ènìyàn.

Kíki ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń wọ̀n nígbà tí wọ́n bá so rọ́bà mọ́ wa lápá. Agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan ni, èyí tí à ń pè ní ìfúnpá. Oògùn ìfúnpá ni amlodipine àti lisinopril. Amlodipine máa ń mú kí iṣan dẹ̀. Lisinopril kì í jẹ́ kí ara pèsè ohun tó ń fún iṣan pọ̀. Asipirín mílígíráàmù 75 kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ohun tó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ẹni tó bá fi í rọ́pò oògùn rẹ̀ kò tíì tọ́jú ara rẹ̀ rárá.

"Èmi ń lo méjèèjì pọ̀ ńkọ́?" Lóòótọ́, wọn kì í sábà bára wọn jà. Ṣùgbọ́n bí ìfúnpá bá ga tí iṣan bẹ́ nínú ọpọlọ, asipirín kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà tètè dá. Ó tún máa ń dá ọgbẹ́ sílẹ̀ nínú ikùn. Ní 1998, èsì ìwádìí HOT jáde. Àwọn tó lé ní 18,000 tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru ni wọ́n ṣe é fún, gbogbo wọn ló sì ń gba ìtọ́jú ìfúnpá. Lára àwọn tó gba asipirín, ìkọlù ọkàn dín kù, n kò ní fi ìyẹn pamọ́. Àmọ́ rọpárọsẹ̀ tí a torí ẹ̀ ń gbé e mì kò dín kù, ẹ̀jẹ̀ dídà tó le sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì.

Ẹni tó ti ní ìkọlù ọkàn rí, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ dídì ti fa rọpárọsẹ̀ fún, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Asipirín ń gba irú wọn là. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí ìwé mi jáwọ́ níbẹ̀.

Èyí tó ń bá oògùn ìfúnpá jà gan-an ni ibuprofen àti diclofenac tí a ń rà fún oríkèé ríro. Wọ́n ń jẹ́ kí iyọ̀ àti omi dúró sára, agbára lisinopril á sì dín kù. Bí oògùn tó ń mú ni tọ̀ bá tún wà níbẹ̀, kíndìnrín lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ ń lò, títí kan àgbo, lọ síwájú dókítà kí ó yẹ̀ ẹ́ wò.